Bí oníṣẹ́-abẹ tó ń ṣe ìwádìí ṣe lè dé ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ onímọ̀, láti Àjàṣẹ́, Kétu tàbí Ṣábẹ

Ọdún méjì ni ká fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìdìbò ku oṣù mẹ́ta lè wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n àìsí ẹlòmíì ló máa gbé e wọlé, kò sì ní rí ẹni tó máa gbọ́ tirẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá dé. Ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí wà fún dókítà oníṣẹ́-abẹ tó wà ní Bẹ̀nẹ̀, ní ọsibítù ńlá Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ọsibítù zone ní agbègbè Pọ́bẹ̀ sí Kétu, tàbí ní Ṣábẹ, tó ń ṣe ìwádìí bí àyè ṣe ń gbà á, tó sì rò pé ó tó àkókò kí òun náà bá wọn darí ẹgbẹ́.

Ẹ mọ ẹgbẹ́ tí ẹ ń sọ

Nǹkan mẹ́rin ni àwọn dókítà máa ń kó pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Ordre National des Médecins ni òfin gbé kalẹ̀: orúkọ ẹni gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kó tó tọ́jú aláìsàn, ìwà ọmọlúàbí lẹ́nu iṣẹ́ ló sì ń ṣọ́. Syndicat ń jà fún owó oṣù àti ìgbádùn òṣìṣẹ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ń kọ́ni, ó ń dánni wò, ó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí. Ẹgbẹ́ onímọ̀, èyí tí a ń pè ní société savante, iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí ìwádìí máa jáde, kí àwọn oníṣẹ́-abẹ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí ohun tí wọ́n rí, kí ọ̀nà ìtọ́jú sì máa dára sí i. Ẹni tó fẹ́ jà fún owó oṣù, kó lọ sí syndicat. Tó bá gba àga société savante nítorí ìyẹn, kò ní rí irinṣẹ́ tó máa fi ṣe ohun tó ṣèlérí.

Ipele tún wà. Ẹgbẹ́ ti orílẹ̀-èdè ló sún mọ́ wa jù, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ọ̀pọ̀ èèyàn ti bẹ̀rẹ̀. Lókè rẹ̀ ni West African College of Surgeons, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960 gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́-abẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó di kọ́lẹ́ẹ̀jì ní 1973, tí ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà ní Yábàá ní Èkó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lókè pátápátá ni Société Internationale de Chirurgie, tó bẹ̀rẹ̀ ní Brussels ní 1902, tó ni World Journal of Surgery.

Ọmọ Àjàṣẹ́ ní ohun kan lọ́wọ́ tí púpọ̀ nínú wọn kì í kà sí. Ní ẹgbẹ́ tó pa àwọn elédè Faransé àti elédè Gẹ̀ẹ́sì pọ̀, ìpàdé sábà máa ń pín sí méjì: àwọn ará Nàìjíríà àti Gánà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn tiwa sí èkejì, ìwé tí ẹnì kan kọ kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Ẹni tó lè bá ọ̀gá tó ti Ìbàdàn wá sọ Yorùbá, kó kọ PV (àkọsílẹ̀ ìpàdé) ní Faransé, kó sì tún un kọ ní Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́, iṣẹ́ wà fún un níbẹ̀ kó tó béèrè. Ẹ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ìwé dáadáa. Gẹ̀ẹ́sì ọjà Sẹ̀mẹ̀ kò tó fún un.

Ìwé òfin ẹgbẹ́

Ẹ gba statuts (òfin ẹgbẹ́) àti règlement intérieur (ìlànà abẹ́lé rẹ̀) lọ́wọ́ akọ̀wé àgbà, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹ̀dà tó kẹ́yìn ni. Ẹgbẹ́ máa ń yí òfin padà ní assemblée générale (AG, ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́), kí wọ́n sì gbàgbé láti pín ẹ̀dà tuntun. Òfin Faransé ti 1901 ni wọ́n wò kọ púpọ̀ nínú àwọn ìwé yìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jọra. Àwọn gbólóhùn kéékèèké inú wọn ni kò jọra, àwọn ló sì ń dá olùdíje padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ wá èsì sí ìbéèrè wọ̀nyí, kí ẹ kọ nọ́ńbà àpilẹ̀kọ tí ẹ ti rí i sílẹ̀. Ta ló ní ẹ̀tọ́ láti dìbò: membre titulaire (ojúlówó ọmọ ẹgbẹ́) nìkan ni, àbí membre associé (ọmọ ẹgbẹ́ alábàáṣe) náà? Ọdún mélòó lèèyàn gbọ́dọ̀ lò nínú ẹgbẹ́ kó tó lè díje? Ṣé àga ààrẹ wà fún àwọn tó ti dé rang magistral nìkan, ìyẹn àwọn olùkọ́ àgbà yunifásítì, láti maître de conférences agrégé sókè? Ọdún mélòó ni mandat (sáà lórí àga), ẹ̀ẹ̀melòó lèèyàn sì lè ṣe é? Ìwé orúkọ olùdíje ń tì nígbà wo? Procuration (ìwé tí ẹni tí kò lè wá fi ní kí ẹlòmíì dìbò fún òun) mélòó ni ẹnì kan lè gbé wá? Iye èèyàn wo ló gbọ́dọ̀ wà ní ìjókòó kí ìdìbò tó lè wáyé, kí ló sì ń ṣẹlẹ̀ tí wọn ò bá pé?

Ìbéèrè tó tún ṣe pàtàkì ni bí wọ́n ṣe ń dìbò. Tó bá jẹ́ àga kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dìbò fún, ẹnì kan lè dá díje. Tó bá jẹ́ scrutin de liste, ẹgbẹ́ olùdíje tó ti pé láti ààrẹ dé akápò ni wọ́n ń dìbò fún lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá dá wá síbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tirẹ̀ nìkan kò tíì díje rárá. Ó gbọ́dọ̀ wá ẹni tó ń to liste, kó sì wọ inú rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà ṣáájú.

Owó ẹgbẹ́ ló ń lé èèyàn púpọ̀ jù kúrò. Ẹ san án ní oṣù kìíní, ẹ má dúró de kóńgírẹ́ẹ̀sì. Tí ẹ bá fi MoMo tàbí Moov Money san án, ẹ kọ orúkọ yín àti ọdún tí ẹ san fún sínú ìdí tí owó fi lọ, ẹ ya àwòrán ojú fóònù, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí akápò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kúkúrú tó béèrè rìsíìtì. Ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ìdìbò, ẹ gba attestation lọ́wọ́ rẹ̀ pé ẹ kò jẹ gbèsè kankan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀: dókítà san ti ọdún yìí, ó gbàgbé pé òun jẹ ti ọdún tó kọjá. Akápò á ka owó náà sí gbèsè àtijọ́, ti ọdún yìí á sì ṣófo.

Àga tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbà

Àga ààrẹ ló ń tàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń kọ́ni níṣẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní comité scientifique (ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò fún kóńgírẹ́ẹ̀sì). Kò sí kóńgírẹ́ẹ̀sì tí kò ní wá ẹni tó máa ka àwọn résumé (àkópọ̀ ìwádìí) tí wọ́n fi ránṣẹ́, àwọn tó sì máa ń kà wọ́n tọkàntọkàn kò pọ̀. Ẹ gba 20 tàbí 30, kí ẹ kà wọ́n báyìí: ṣé ète wà níbẹ̀ ní gbólóhùn kan? Ṣé ìgbà àti ibi tí wọ́n ti kó iye jọ hàn? Tí ẹ bá ro iye ọkùnrin àti obìnrin pọ̀, ṣé ó bá gbogbo aláìsàn mu? Ṣé wọ́n ń kọ ìpín ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì pọ́ìntì nígbà tó jẹ́ aláìsàn 14 ni wọ́n ní? Ṣé ohun tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ sí wà nínú ohun tí wọ́n rí? Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìlà méjì tó wúlò sí ẹni tó kọ ọ́, pàápàá tí ẹ bá fẹ́ kọ̀ ọ́. Ọmọ DES (dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ abẹ) tí wọ́n dá résumé rẹ̀ padà láìsọ ìdí kì í gbàgbé, èyí tí wọ́n tọ́ sọ́nà náà kì í gbàgbé, ó sì máa di membre titulaire lọ́jọ́ kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àga igbákejì akọ̀wé àgbà. Ibẹ̀ ni fóònù gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà. Iṣẹ́ rẹ̀ tó le jù ni PV, ó sì yẹ kí PV jáde láàárín ọjọ́ 7: ọjọ́ àti ibi, wákàtí tí ìpàdé bẹ̀rẹ̀, orúkọ àwọn tó wá, àwọn tó tọrọ àyè àti àwọn tó fi procuration ránṣẹ́, ohun tí a fẹ́ sọ, ìpinnu kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ẹni tó máa ṣe é àti ọjọ́ tó máa parí, iye ìbò tó gbè é, èyí tó takò ó àti èyí tó dákẹ́, wákàtí tí ìpàdé parí, àti ìbuwọ́lù ààrẹ àti akọ̀wé. PV tó gùn tó ojú ìwé 9, tó ń sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wí, ìjà ló máa ń dá sílẹ̀. Ìpinnu ni kí ẹ kọ.

Àga akápò dára fún ẹni tó ní sùúrù, ṣùgbọ́n ó léwu. Nọ́ńbà MoMo gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí ó má jẹ́ ti ara yín láéláé, kódà fún ọ̀sẹ̀ kan. Owó tó bá ti wọ inú fóònù ẹnì kan kì í ṣe é yà sọ́tọ̀ mọ́, akápò tó jẹ́ olóòótọ́ gan-an lè pàdánù quitus (ìfọwọ́sí pé ó ná owó dáadáa) ní AG nítorí rẹ̀. Ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan, kí iye inú ìwé, iye inú MoMo àti iye inú báńkì bá ara wọn mu, kí ìbuwọ́lù méjì sì wà lórí gbogbo owó tó ń jáde.

Ìwádìí tó máa jẹ́ orúkọ fún yín

Ní ẹgbẹ́ onímọ̀, wọ́n máa béèrè ohun tí ẹ ti fi kún ìmọ̀. Àwọn tó wà ní ọsibítù zone máa ń rò pé èyí kò sí fún àwọn, pé ti àwọn ọ̀gá ní Faculté des Sciences de la Santé ní Kútọnu ni. Òdìkejì rẹ̀ lòótọ́. Ní Kétu àti Ṣábẹ ni ìpá tó ti pẹ́ ọdún mẹ́wàá wà, àti ìfun tó lu nítorí ibà jẹ̀funjẹ̀fun, àti egungun tó kán lórí zémíjàn (ọ̀kadà). Ní Àjàṣẹ́ àti ojú ọ̀nà tó lọ sí ibodè, ẹni tí epo kpayo (epo bẹntiróòlù fàyàwọ́) jó pọ̀ tó láti fi ṣe ìwádìí ọdún mélòó kan. Ní Pọ́bẹ̀, wọ́n ti ń tọ́jú egbò Buruli fún ìgbà pípẹ́, àwọn olùwádìí láti ilẹ̀ òkèèrè sì mọ ibẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan péré. Ẹni tó ní àpilẹ̀kọ 5 lórí ìpá, gbogbo ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ní 12 lórí ohun 12, kò sẹ́ni tó máa rántí ọ̀kan.

Ìwé àkọsílẹ̀ bloc (iyàrá iṣẹ́ abẹ) ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá major bloc (ọ̀gá iyàrá náà) sọ̀rọ̀, ẹ fa ìlà tuntun sínú register: ọjọ́ orí, ọkùnrin tàbí obìnrin, àìsàn, iṣẹ́ abẹ tí a ṣe, pàjáwìrì tàbí èyí tí a ti pinnu tẹ́lẹ̀, irú anesthésie (oògùn tó ń pa ìrora), ipele ASA (bí ìlera aláìsàn ṣe rí kí a tó ṣiṣẹ́ abẹ), ipele Altemeier láti 1 sí 4 (bí ojú iṣẹ́ abẹ ṣe mọ́ tó), wákàtí tí ọ̀bẹ kan ara àti èyí tí a dì í, ẹni tó ṣe é, ìṣòro tó jẹ yọ, àti ipò aláìsàn ní ọjọ́ 30. Ìlà tó gbẹ̀yìn yìí ló máa ń ṣófo, òun sì ni àwọn olùyẹ̀wò máa kọ́kọ́ wò, nítorí ọjọ́ 30 ni wọ́n ń fi ka ojú ọgbẹ́ tó kẹ̀, ó sì di ọjọ́ 90 tí a bá fi nǹkan bí àwọ̀n ìpá sínú ara. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù méjì lọ́wọ́ aláìsàn kó tó lọ, ọ̀kan kó jẹ́ ti ẹbí rẹ̀ tó ń gbé ní abúlé. Ará Kétu tí ẹ ṣiṣẹ́ abẹ fún lè ti kọjá sí Ìmẹ̀kọ tàbí Abẹ́òkúta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, SIM Bẹ̀nẹ̀ rẹ̀ á sì ti kú. Ẹ yan nọ́ọ̀sì kan tó máa ń pè ní ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ san owó ìpè fún un. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kì í pẹ́ ju oṣù méjì lọ.

Kí ẹ tó kó iye kan jọ, ẹ gba àṣẹ ìgbìmọ̀ ètíìkì. Ní Bẹ̀nẹ̀, òfin 2010-40 ti oṣù kejìlá ọdún 2010 ló ń darí ìwádìí ìlera. Ìgbìmọ̀ kì í fọwọ́ sí ohun tí ẹ ti ṣe tán. Dókítà tó bá parí iṣẹ́ kó tó wá àṣẹ á rí i pé kò sí ìwé ìròyìn ìmọ̀ tó máa gbà á, tí ẹnì kan bá sì gbé e dìde ní àsìkò ìdìbò, ó ti parí fún un. Ẹ ka Ìkéde Helsinki (ìlànà ètíìkì ìwádìí lára èèyàn) bí wọ́n ṣe tún un ṣe ní 2024, kí ẹ má lo ti 2013 mọ́ nínú protocole (ìwé ètò ìwádìí).

Ọ̀rọ̀ orúkọ lórí àpilẹ̀kọ náà ńkọ́? Òfin ICMJE (ìgbìmọ̀ àwọn olóòtú ìwé ìròyìn ìṣègùn) béèrè ohun mẹ́rin pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun: kó lọ́wọ́ nínú èrò rẹ̀ tàbí nínú kíkó iye jọ tàbí ìtúpalẹ̀ rẹ̀, kó kọ ọ́ tàbí kó tún un ṣe lọ́nà tó nítumọ̀, kó fọwọ́ sí ẹ̀dà tó kẹ́yìn, kó sì gbà láti dáhùn fún gbogbo rẹ̀. Fífi orúkọ ọ̀gá síbẹ̀ nítorí ó jẹ́ ọ̀gá wọ́pọ̀ láàárín wa. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un lọ́nà mìíràn: ẹ fi àkọ́kọ́ kọ ránṣẹ́ sí i fún àtúnṣe gidi, nípa bẹ́ẹ̀ ó máa yẹ ní kíkọ. Ọmọ tó fi iṣẹ́ náà ṣe thèse kò yẹ kó di orúkọ kẹta. Ọ̀rọ̀ ẹni tó gba iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa ń dé gbọ̀ngàn ìdìbò kí òun fúnra rẹ̀ tó dé ibẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ kí orúkọ yín kọjá ọsibítù yín, ẹ ṣe ìwádìí tó so ọsibítù púpọ̀ pọ̀. Àpẹẹrẹ kan wà tó dára. Ní 2022, The Lancet gbé ìwádìí ChEETAh jáde: ọsibítù 81 ní orílẹ̀-èdè 7, Bẹ̀nẹ̀ wà nínú wọn, aláìsàn 13,301. Ìbéèrè rẹ̀ rọrùn: tí a bá pàrọ̀ ìbọ̀wọ́ àti irinṣẹ́ kí a tó rán ikùn, ṣé ojú ọgbẹ́ tó ń kẹ̀ á dínkù? Níbi tí wọn kò ti pàrọ̀, 18.9% ni ojú ọgbẹ́ kẹ̀. Níbi tí wọ́n ti pàrọ̀, 16.0%. Kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá kankan nínú rẹ̀. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ọsibítù mẹ́ta, Àjàṣẹ́, Pọ́bẹ̀ àti Ṣábẹ, lè bi ara wọn, kí ojú ìwé ìgbàsílẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, kí ẹnì kan máa yẹ ìwé wò lóṣooṣù. Ohun tó sábà máa ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ ni pé wọn kì í kọ ẹni tí orúkọ rẹ̀ máa wà níwájú sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ kọ ọ́ ní ojú ìwé kan, kí gbogbo èèyàn buwọ́ lù ú ní ọjọ́ kìíní.

Ẹ gba ORCID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ olùwádìí tó ní dígíìtì 16, tí kò ní owó, kí ẹ sì máa fi kọ orúkọ yín ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹni tó kọ orúkọ bàbá ṣáájú ní 2018, tó kọ ọ́ sẹ́yìn ní 2021, tó tún fi orúkọ Mùsùlùmí rẹ̀ kún un ní 2023, ti di èèyàn mẹ́ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ètò tí ẹ máa gbé síwájú wọn

Ojú ìwé kan, ohun mẹ́ta, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: kí ni, ta ló máa ṣe é, èló, nígbà wo. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ ro owó tí ẹgbẹ́ ní. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ 80, owó ọdún jẹ́ 20,000 fráǹkì, kí 60 nínú ọgọ́rùn-ún sì san án: èèyàn 48 nìyẹn, owó sì jẹ́ 960,000. Ẹni tó bá ṣèlérí ilé ẹgbẹ́ tàbí ìwé ìròyìn tuntun pẹ̀lú owó yìí, ẹni tó mọ ìṣirò nínú gbọ̀ngàn á ti mọ̀ pé kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé ìròyìn ìmọ̀ pàápàá, ẹ sá fún un: ISSN (nọ́ńbà ìwé ìròyìn) rọrùn láti gbà, ṣùgbọ́n wíwá olùyẹ̀wò, sísan owó DOI (nọ́ńbà àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan) àti gbígbé ẹ̀dà kẹta jáde ni ibi tí púpọ̀ nínú wọn ti ń kú.

Ohun tí owó kékeré lè ṣe pọ̀. Ìjíròrò orí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, wákàtí kan, níbi tí oníṣẹ́-abẹ ọsibítù zone kan ti máa gbé aláìsàn kan tó le kalẹ̀, kí ọ̀gá méjì dáhùn: owó íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń béèrè, ẹni tó wà ní Ṣábẹ á sì rí èrè owó ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ojú ìwé ìgbàsílẹ̀ kan ṣoṣo fún ìpá ní gbogbo ọsibítù tó bá fẹ́. Owó ọkọ̀ àti ibùsùn fún ọmọ DES mẹ́ta tí résumé wọn dára jù. Bí ẹ bá fẹ́ so ètò yín mọ́ ohun tí ayé ń wí, ẹ lo ìwọ̀n Lancet Commission ti 2015: iṣẹ́ abẹ 5,000 fún èèyàn 100,000 lọ́dún, àti ó kéré tán 20 nínú àwọn oníṣẹ́-abẹ, àwọn anesthésiste àti àwọn dókítà aboyún pọ̀ fún èèyàn 100,000, títí di 2030. Kí ẹ fi iye ti département yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iye yẹn á sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ ò ní nílò ọ̀rọ̀ dídùn.

Àwọn àgbà, àti ìbò kíkà

Òṣèlú lèyí, kò sídìí láti máa ṣe bí ẹni pé kì í ṣe é. Ẹ gba ìwé orúkọ àwọn tó lè dìbò, ẹ pín wọn sí mẹ́ta: àwọn tó dájú, àwọn tí a lè bá sọ̀rọ̀, àwọn tó ti ní ẹlòmíì. Nínú ẹgbẹ́ tí èèyàn 48 ti san owó, àwọn tó máa ń wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ AG lè má ju 30 lọ, nítorí náà ìbò 16 lè tó. Ẹ mọ àwọn 16 náà ní orúkọ.

Àwọn àgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, pàápàá àwọn tó ti ṣe ààrẹ rí. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ WhatsApp rọ́pò ẹsẹ̀. Ẹ lè fi fóònù tọrọ àyè báyìí: “Maître, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àmójútó wa. Mo ń bọ̀ ní Kútọnu lọ́jọ́bọ̀. Tí àyè bá wà, ìṣẹ́jú 15 ni mo fẹ́ fi gba ìmọ̀ràn lẹ́nu yín lórí iṣẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ wa.” Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé “mo fẹ́ díje.” Ẹ jẹ́ kí àgbà sọ ohun tó rò pé ẹgbẹ́ nílò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó sọ tiyín. Tó bá ní ọdún tó ń bọ̀ ló dára jù, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nígbà mìíràn ó ti ṣèlérí fún ẹlòmíì, nígbà mìíràn ó rí àléébù kan tí ẹ lè tún ṣe.

Ẹ wo kàlẹ́ńdà CAMES (ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga Áfíríkà àti Madagásíkà) náà. Ọdún méjì-méjì ni concours d'agrégation (ìdánwò láti di olùkọ́ àgbà) ìṣègùn ń wáyé, ní ọdún yẹn ọkàn àwọn ọ̀gá àti àwọn olùdíje kì í sí lórí ẹgbẹ́. Ẹni tó fẹ́ ṣe concours kò yẹ kó díje ní ọdún kan náà, nítorí kò sí ẹni tó máa gbà pé àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀ kò ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú rẹ̀.

Consensus (ìfohùnṣọ̀kan) tún wà. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, àwọn àgbà máa ń jókòó ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú AG, kí wọ́n to liste kan ṣoṣo. Tí wọ́n bá fi yín sí àga tí ẹ kò béèrè, ẹ wò ó bóyá iṣẹ́ gidi wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó bínú. Igbákejì akọ̀wé ní iṣẹ́. Igbákejì ààrẹ kẹta kò ní.

Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní owó ọkọ̀ kó lè wá dìbò, ẹ má sì jẹ́ kí ilé iṣẹ́ tó ń ta okùn ìránṣọ, àwọ̀n ìpá tàbí oògùn san ohunkóhun fún ìpolongo yín. Bí ilé iṣẹ́ kan bá ti gbé yín lọ sí kóńgírẹ́ẹ̀sì rí, ẹ kọ ọ́ sínú ìkéde àjọṣe yín kí ẹlòmíì tó kọ ọ́ fún yín.

Ìwé ìdíje àti ọjọ́ AG

Ìwé tí ẹ máa kó jọ: lẹ́tà ojú ìwé kan sí ààrẹ tó wà lórí àga, CV ojú ìwé méjì, ètò ojú ìwé kan, attestation owó ẹgbẹ́, ìkéde àjọṣe, àti lẹ́tà àwọn tó fọwọ́ sí yín tí òfin bá béèrè rẹ̀. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di PDF kan, ẹ fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ tó máa tì, ẹ béèrè accusé de réception. Tí kò bá dé láàárín ọjọ́ méjì, ẹ pe akọ̀wé. CV tó gùn tó ojú ìwé 14, tó ní gbogbo ìpàdé tí ẹ lọ láti ilé ìwé, kò sẹ́ni tó máa kà á. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni iṣẹ́ yín nísinsìnyí, àpilẹ̀kọ 10 tó dára jù, àwọn tí ẹ tọ́ sọ́nà, àti ohun tí ẹ ti ṣe fún ẹgbẹ́ náà gan-an.

Lọ́jọ́ AG, quorum (iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ pé) ló ń bọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Wọ́n máa ń fi ìdìbò sí ìparí, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà yẹn, àwọn ará Pàràkú àti Nàtítíńgù ti wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ bá akọ̀wé sọ̀rọ̀ ní oṣù kan ṣáájú kí ìdìbò lè wà ní òwúrọ̀, lẹ́yìn ìròyìn owó. Procuration gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni tó fúnni, orúkọ ẹni tó gbà á, ọjọ́ AG náà gan-an àti ìbuwọ́lù. Èyí tí orúkọ ẹni tó gbà á ṣófo, wọ́n lè fagi lé e. Ẹ béèrè scrutateur (ẹni tó ń ka ìbò) méjì tí kò díje, kí ìbò jẹ́ ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n ka ìwé ìbò lójú gbogbo èèyàn, kí iye rẹ̀ bá iye ìbuwọ́lù inú ìwé àwọn tó wá mu, pẹ̀lú procuration.

Ọ̀rọ̀ yín lórí pèpéle, ìṣẹ́jú 3. Ìṣẹ́jú kìíní: kíkí àwọn àgbà àti ohun kan tí ẹgbẹ́ ti ṣe dáadáa. Ìṣẹ́jú kejì: ohun mẹ́ta yín pẹ̀lú iye owó. Ìṣẹ́jú kẹta: ohun tí ẹ máa parí láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹ má ka CV yín fún wọn, ẹ má sì bú bureau (ìgbìmọ̀ aláṣẹ) tó ń lọ. Mẹ́ta nínú wọn ṣì máa wà nínú ìgbìmọ̀ tí ẹ máa bá ṣiṣẹ́.

Tí ẹ kò bá wọlé, ẹ kí ẹni tó wọlé lójú gbogbo èèyàn, kí ẹ sì tọrọ ìgbìmọ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kúrò ní gbọ̀ngàn. Púpọ̀ nínú wọn máa ń gbà lójú ẹsẹ̀, nítorí iṣẹ́ ń dẹ́rù bà wọ́n.

Tí ẹ bá wọlé

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti passation (gbígba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń lọ). Ẹ má buwọ́ lu PV passation kí àwọn nǹkan wọ̀nyí tó wà lọ́wọ́ yín: cachet (èdìdì) ẹgbẹ́, ìwé owó àti rìsíìtì, ìwé báńkì, SIM MoMo ẹgbẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì àti orúkọ ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ní Excel, àti ẹ̀tọ́ alábòójútó ẹgbẹ́ WhatsApp. Orúkọ ojú òpó ló sábà máa ń nù: ẹnì kan fi owó ara rẹ̀ rà á, ó lọ sí Faransé, orúkọ ojú òpó náà sì kú lọ́jọ́ tí owó ọdún rẹ̀ tán. Báńkì máa béèrè PV AG tó ní ìbuwọ́lù àti ẹ̀rí pé ẹ ti kéde bureau tuntun fún ìjọba kó tó yí ìbuwọ́lù padà, nítorí náà ìkéde ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, báńkì tẹ̀lé e.

Ẹ bá ọ̀gá ọsibítù yín kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe máa lo àkókò. Ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó fún akọ̀wé àgbà. Ẹ yan ọjọ́ tí bloc yín kì í ní ètò, kí ẹ sì fi orúkọ dókítà tó máa dáhùn fún pàjáwìrì ní ọjọ́ yẹn sórí ìwé garde. Ní ọsibítù zone tí ẹ̀yin nìkan jẹ́ oníṣẹ́-abẹ, kò sí bí ọjọ́ kóńgírẹ́ẹ̀sì mẹ́ta ṣe lè jẹ́ tiyín láìsí ẹni tó máa dúró. Ẹ ti ṣètò rẹ̀ pẹ̀lú Àjàṣẹ́ tàbí Ìdáàṣà ní oṣù méjì ṣáájú, pẹ̀lú owó ọkọ̀ ẹni tó ń bọ̀ wá dúró dè yín.